Èsì: Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Africatown
Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Ẹ ní Africatown, ní Mobile, Alabama, ni àwọn ìyá ìyàwó yín ti ṣẹ̀ wá, ẹ sì ń béèrè ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ dé. Itẹ́ òkú Plateau ni. Ibẹ̀ ni sàréè Cudjo Lewis wà, ẹni tí Clotilda, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrú, gbé dé láti Áfíríkà ní 1860, tí òun àtàwọn tí wọ́n jọ dé sì wá tẹ Africatown dó. Kossola lorúkọ tó bá a wá láti ilé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan òkúta náà, kí wọ́n pe orúkọ yẹn sókè. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo pè é. Pákó ara ọkọ̀ Clotilda ń bẹ ní Heritage House, ilé àkójọ ohun ìtàn tó wà ní Africatown. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ bá wọn jọ́sìn ní Union Missionary Baptist, kí ẹ sì dárúkọ ìdílé yín fáwọn àgbà ibẹ̀.