Knickerbocker, Knicks, níkà: ibo gan-an lorúkọ yìí ti wá?

Ẹ̀gbọ́n kan bi mí ní ìbéèrè lẹ́yìn tí wọ́n wo básíkẹ́tì tán lálẹ́ àná. Wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ New York yẹn ní Knicks, pé àwọn gbọ́ pé Knickerbocker lorúkọ ẹ̀ gangan, ṣé orúkọ èèyàn ni àbí orúkọ àdúgbò, kí ló túmọ̀ sí, àti pé ṣé lóòótọ́ ni pé ibẹ̀ náà ni níkà tí àwa ń wọ̀ nílé ti jáde. Ẹ ṣé gan-an sà. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi débi pé mi ò lè fi ìlà méjì dáhùn ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ló ti jáde. Níkà kákí tí màmá wa dá fún wa nígbà tí a fẹ́ wọ iléèwé, èyí tí télọ̀ máa ń ká etí ẹ̀ sínú ní ìlọ́po méjì, torí wọ́n fẹ́ kó tó wa wọ̀ láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹta, tí a bá ti ga díẹ̀ wọ́n á tú ìlọ́po kan, ojú ibi tí wọ́n tú yẹn á sì máa dán yàtọ̀ sí ìyókù ṣòkòtò tí oòrùn ti pa láwọ̀, orúkọ ìdílé Họ́láńdì kan la ń pè lójoojúmọ́ tí a bá ń pè é ní níkà. Họ́láńdì yẹn náà ni àwọn ìyá wa fi ń sọ àǹkárá olówó gọbọi lórúkọ o. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà dọ́dọ̀ wa jìn, ẹ jẹ́ ká rọra rìn ín.

Nínú àwọn òyìnbó, àwọn ará Họ́láńdì ló kọ́kọ́ tẹ̀ dó síbi tí New York wà lónìí. New Amsterdam ni wọ́n pe ìlú náà, wọ́n sì pe gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká ní New Netherland. Lọ́dún 1664 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé sétí omi, gómìnà àwọn ará Họ́láńdì, Peter Stuyvesant, ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ igi, fẹ́ jà, àwọn ará ìlú ní àwọn ò jà, ló bá fa ìlú lé wọn lọ́wọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè Duke of York sọ ibẹ̀ ní New York. Ìjọba ló yí padà, àwọn èèyàn ò kó ẹrù lọ síbì kankan. Wọ́n ṣì ń sọ èdè wọn nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún gbọọrọ. Martin Van Buren tó di ààrẹ Amẹ́ríkà kẹjọ, èdè Dutch, ìyẹn èdè Họ́láńdì, ló kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá ẹ̀ ní Kinderhook, ọdún 1782 sì ni wọ́n bí i, ẹ wo iye ọdún lẹ́yìn 1664.

Ohun tó jọ tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé púpọ̀ nínú wọn ò ní orúkọ ìdílé tó dúró sójú kan nígbà yẹn. Harmen Jansen túmọ̀ sí Harmen ọmọ Jan, ó parí. Tí Harmen náà bá bímọ, ọmọ Harmen lọmọ ẹ̀ á máa jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kí iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ Lágbájá la máa ń jẹ́, ọmọ agboolé báyìí, ó dìgbà tí tíṣà bá gbé rẹ́jísítà síwájú tó ní orúkọ bàbá ẹ ńkọ́, kí orúkọ bàbá ẹnì kan tó di sọ́nẹ́ẹ̀mù àwọn ọmọ-ọmọ-ọmọ ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni tiwọn náà ṣe dúró. Àwọn kan mú orúkọ ìlú tí bàbá wọn ti wá, ìdí nìyẹn tí Van fi pọ̀ nínú orúkọ wọn, Van túmọ̀ sí "ará ibi báyìí". Harmen Jansen kan tó ń gbé lágbègbè Albany ní ìparí àwọn ọdún 1600 ni baba ńlá àwọn Knickerbocker, òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í so orúkọ yìí mọ́ tiẹ̀, wọ́n sì kọ sípẹ́lì ẹ̀ ní oríṣiríṣi kó tó wá dúró bá a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí.

Ìtumọ̀ ńkọ́? Ní èdè Dutch, knikker ni àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tí àwọn ọmọdé máa ń ta nílẹ̀, tiwọn láyé àtijọ́ amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é tí wọ́n á sì fi iná sun ún, bakker sì ni ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì. Torí náà ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé "ẹni tó ń sun knikker" ni Knickerbocker. Àlàyé yẹn dùn, ṣùgbọ́n èmi ò ní kí ẹ gbé gbogbo ara lé e, torí ẹ̀yin náà ti rí bí àwọn èèyàn ṣe máa ń tú orúkọ ìlú wa sí wẹ́wẹ́ kó lè bá ìtàn tí wọ́n fẹ́ sọ mu. Níbi tí orúkọ yìí ti di ńlá, ọ̀rọ̀ amọ̀ àti ààrò ò sí níbẹ̀ rárá. Ìwé ló sọ ọ́ di ńlá.

Ẹni tó kọ ìwé náà ni Washington Irving, wọ́n bí i ní New York lọ́dún 1783 tí ogun òmìnira Amẹ́ríkà ń parí lọ, wọ́n sì fi orúkọ George Washington sọ ọ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀ Dutch kankan lára ẹ̀ o. Erékùṣù Orkney ní Scotland ni bàbá ẹ̀ ti wá, England ni ìyá ẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n ó mọ ìdílé Knickerbocker dáadáa, wọ́n ti di èèyàn pàtàkì nígbà yẹn ní Schaghticoke, ìlú kan lápá òkè Albany, kódà Herman Knickerbocker tó jẹ́ lọ́yà, ọ̀rẹ́ Irving ni, ó sì wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà láti 1809 sí 1811.

Ẹ wá wo ohun tí Irving ṣe. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1809, ìkéde kan jáde nínú ìwé ìròyìn Evening Post ní New York. Ìkéde náà ní bàbá àgbàlagbà kúkúrú kan jáde nílé tó wọ̀ sí, ẹnì kankan ò sì gbúròó ẹ̀ mọ́, kóòtù dúdú gbígbó ló wọ̀, ó dé àkẹtẹ̀ tí wọ́n ká etí ẹ̀ sókè, Knickerbocker lorúkọ ẹ̀, pé ó jọ pé orí ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pé, ọkàn àwọn ò sì balẹ̀, ẹni tó bá rí i kó wá sọ ní Columbian Hotel ní Mulberry Street. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìkéde "a ń wá èèyàn" rí lórí rédíò wa á mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn á ṣe rí lọ́kàn àwọn tó kà á. Nígbà tó yá lẹ́tà mìíràn jáde, ẹnì kan ní òun àtàwọn tí àwọn jọ wọkọ̀ Albany rí bàbá tó jọ ọ́ tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó di ẹrù kékeré sínú ańkáṣíìfù pupa, ó sì dà bí ẹni tó ti rẹ̀ gidi. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì wá kọ̀wé, ó ní bàbá náà ò san owó oúnjẹ àti owó yàrá, ṣùgbọ́n àwọn rí ìwé àràbarà kan tó fọwọ́ kọ nínú yàrá ẹ̀, tí kò bá padà wá san gbèsè, àwọn á ta ìwé náà láti fi rí owó àwọn gbà.

Kò sí bàbá kankan. Kò sí gbèsè kankan. Irving àtàwọn tiẹ̀ ló kọ gbogbo ẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 1809, ọjọ́ Nicholas Mímọ́ tí àwọn ará Họ́láńdì máa ń ṣe, ìwé náà jáde, ìtàn New York láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé títí dé òpin ìjọba Dutch, Diedrich Knickerbocker ni wọ́n sì ní ó kọ ọ́. Irving ò tíì ju ọmọ ọdún 26 lọ. Àwọn gómìnà Dutch àtijọ́ ló fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti òkè dé ilẹ̀, ó ní Wouter Van Twiller ga ní ẹsẹ̀ márùn-ún àti ínṣì mẹ́fà, tí wọ́n bá sì wọn ìbàdí ẹ̀ yíká, ẹsẹ̀ mẹ́fà àti ínṣì márùn-ún ni. Ohun tó máa ń dùn mí tí mo bá rántí ìwé yìí ni pé lọ́dún yẹn kan náà, ní oṣù kẹrin, ni Matilda Hoffman, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, kú ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, inú ọ̀fọ̀ yẹn ló ti parí ìwé tó pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín.

Àwọn ìdílé Dutch ò rẹ́rìn-ín púpọ̀ o. Ọ̀rọ̀ ìdílé ò ṣeé fi ṣeré, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn. Gulian Verplanck, ọmọ ìdílé Dutch àtijọ́ tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé, bọ́ síwájú ẹgbẹ́ àwọn onítàn New York lọ́dún 1818, ó ní ó dun òun pé irú ọgbọ́n orí tí Irving ní, orí yẹ̀yẹ́ ló ná an sí. Síbẹ̀ Irving ò jẹ́ kí bàbá Knickerbocker ẹ̀ kú tán, torí nígbà tó gbé ìtàn Rip Van Winkle jáde lọ́dún 1819, ọkùnrin tó sun oorun ogún ọdún lórí òkè, ó ní inú ìwé tí olóògbé Knickerbocker fi sílẹ̀ ni wọ́n ti rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí bírí nìyí. Àwọn ará New York tẹ́wọ́ gba bàbá tí kò sí láyé rí yìí bí ẹni pé bàbá tó bí wọn ni. Lọ́dún 1833 ìwé ìròyìn tí àwọn òǹkọ̀wé New York ń kọ sí di The Knickerbocker, ó sì wà títí di 1865. Lọ́dún 1845 àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan dá ẹgbẹ́ baseball Knickerbocker sílẹ̀, àwọn tó kọ òfin eré náà sínú ìwé, ìdíje tí gbogbo èèyàn sì ń rántí fún wọn ní Hoboken ní oṣù kẹfà ọdún 1846, 23 sí 1 ni ẹgbẹ́ kejì fi nà wọ́n. Nígbà tí Irving tún ìwé ẹ̀ tẹ̀ lọ́dún 1848, òun fúnra ẹ̀ ló ń yà lẹ́nu. Ó ka ohun tó ń jẹ́ Knickerbocker nílùú, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, ọkọ̀ ojú omi, bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ṣin, búrẹ́dì, títí kan yìnyín tí wọ́n ń tà, ó sì ní àwọn ọmọ Dutch tó ń bínú sí òun tẹ́lẹ̀ ti wá ń yangàn pé Knickerbocker pọ́ńbélé làwọn. Àwọn tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nínú ìwé ìròyìn náà wá ń ya Bàbá Knickerbocker bí ìlú New York fúnra ẹ̀, àkẹtẹ̀ lórí, ṣòkòtò tó mọ sí orúnkún. Orúkọ yẹn ò gba ilé ìfowópamọ́ kan lọ́wọ́ ìṣubú ṣá, Knickerbocker Trust kógbá sílé lóṣù kẹwàá ọdún 1907, ìpayà tó sì dá sílẹ̀ mì gbogbo Amẹ́ríkà.

Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ básíkẹ́tì sílẹ̀ lọ́dún 1946, kò sí orúkọ tó tún lè sọ "ọmọ New York ni wá" tó báyìí, ni wọ́n bá pe ara wọn ní Knickerbockers, òun ni wọ́n gé kúrú sí Knicks. Àwòrán àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà lò, bàbá náà ló ń sáré pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbọ́n á sì rántí ọdún 1994 dáadáa, torí ọmọ Èkó tiwa, Hakeem Olajuwon, ló dúró lójú ọ̀nà wọn pẹ̀lú ẹgbẹ́ Houston nínú àṣekágbá. Ìdíje kẹfà, ìṣẹ́jú àáyá ló kù, John Starks fò ju bọ́ọ̀lù tó lè gba ife fún New York, ọwọ́ Olajuwon kan bọ́ọ̀lù náà lókè, 86 sí 84 ló parí, Houston sì gba ife náà ní ìdíje keje.

Ó ku níkà. Ní England, George Cruikshank ya àwòrán sínú ìwé Irving, ó wọ ṣòkòtò fẹ̀ǹgẹ̀ tó pin sí orúnkún fún àwọn ará Dutch inú ẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1860, irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkùnrin fi ń ṣọdẹ, tí wọ́n fi ń ṣeré ìdárayá, ti ń jẹ́ knickerbockers, wọ́n gé e kúrú di knickers. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rọ̀ náà wọnú ilé lọ di àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin, ọ̀dọ̀ wa ó dúró lára ọmọkùnrin iléèwé, ó di níkà. Ọmọ àbúrò màmá mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ń wá knickers fún ọmọkùnrin òun ọlọ́dún mẹ́jọ, obìnrin tó ń tajà kọ́kọ́ wò ó sùn-ùn kó tó bi í pé ṣé ó dá a lójú. Kò sí àṣìṣe lọ́dọ̀ ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ló gba ọ̀nà méjì.

Ẹ tún fẹ́ mọ̀ bóyá ìdílé náà wà lóòótọ́. Wọ́n wà o, àwọn tó ń jẹ́ Knickerbocker ṣì pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ilé àwọn baba ńlá wọn ní Schaghticoke, ilé bíríkì ńlá tí wọ́n kọ́ kí Irving tó mọ̀wé kọ, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó tẹ́lẹ̀ kí àwọn ará àdúgbò tó kóra jọ tún un ṣe, ó sì ṣì wà ní ìdúró níbẹ̀.