Èrè ilé-iṣẹ́ gòkè, owó ìpín mi já wálẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń fi díẹ̀díẹ̀ ra ìpín ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́ kan. Mi ò kàn fi owó sílẹ̀ kí n máa sùn o, mo máa ń ka ìròyìn wọn dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé ìṣirò ọdún wọn jáde, èrè wọn sì fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ju ti èṣí lọ. Inú mi dùn gan-an. Àmọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, iye tí wọ́n ń ta ìpín kan ti já wálẹ̀ láti 300 sí 220. Ṣé àwọn kan ló ń fi ọwọ́ yí ọjà ni? Ta ló kó owó mi lọ? Ṣé kí n tà á ni, àbí kí n rà kún un nígbà tó ti dínwó?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣe ìṣirò owó ọjọ́ ti pẹ́, kò sì sí ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí tó èyí. Ohun tó ń dà á rú mọ́ wa lójú ni pé a rò pé èrè tí ilé-iṣẹ́ jẹ lánàá là ń rà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èrè ọ̀la là ń rà, èyí tí ojú ẹnikẹ́ni kò tíì tó. Nítorí náà, kì í ṣe èrè ló já ìpín yín wálẹ̀. Ìrètí àwọn tó ti rà á ṣáájú ìròyìn ló já.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní èrè tó kan ìpín kọ̀ọ̀kan léṣìí jẹ́ 10. 300 ni wọ́n sì ń tà á, àbí? Ẹni tó rà á ní 300 ti san èrè ọgbọ̀n ọdún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irú ìlọ́po yìí, ìyẹn iye ìpín tí a fi èrè rẹ̀ pín, ni ẹ máa ń rí tí wọ́n kọ P/E sí níwájú nínú ìwé ìròyìn owó. Kí ni yóò mú kí ẹni tí orí rẹ̀ pé san irú owó bẹ́ẹ̀? Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé 10 yẹn kò ní dúró sójú kan. Ó ti ń wo 13 lọ́dún yìí, ó ti ń wo 17 lọ́dún tí ń bọ̀. Ìṣirò wá jáde, 11 ni wọ́n bá níbẹ̀. Lóòótọ́, 11 ju 10 lọ, ṣùgbọ́n 13 ni wọ́n ti sanwó fún. Ni ọkàn àwọn èèyàn bá rọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà báyìí kò fẹ́ san èrè ọgbọ̀n ọdún mọ́, ó ní ogún ọdún ti tó òun. Ìlọ́po ogún 11 sì ni 220. Ilé-iṣẹ́ náà kò jalè, kò parọ́, èrè rẹ̀ tilẹ̀ gòkè, síbẹ̀ ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tó fò kúrò lára iye ìpín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ Meta, àwọn tó ni Facebook, fara jọ èyí. Lọ́dún 2020, èrè wọn lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù 29 dọ́là. Lọ́dún 2021, ó lé ní bílíọ̀nù 39. Ẹ ò rí i pé èrè yẹn gbéra sọ! Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2022, ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé ìṣirò náà jáde, ìpín wọn já ní nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye tí gbogbo ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ lójú ọjà fi ohun tó lé ní igba bílíọ̀nù dọ́là dínkù láàárín ọjọ́ kan. Nínú ìwé ìṣirò kan náà tó gbé èrè ńlá yẹn ni àwọn nǹkan mìíràn wà: iye èèyàn tó ń lo Facebook lójoojúmọ́ dínkù fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyípadà tí Apple ṣe sórí fóònù rẹ̀ máa mú nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 dọ́là kúrò nínú owó ìpolówó wọn lọ́dún náà, owó tí wọ́n ń retí ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kò sì tó èyí tí ọjà ń retí. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè ni ọjà ti wò ó, nígbà tí ọdún 2022 sì parí, èrè wọn ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 23.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má tìtorí èyí sọ ọjà di babaláwo o. Ọjà náà máa ń bẹ̀rù kọjá bó ṣe yẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ẹ lè ra ìpín Meta kan ní ohun tí kò tó 90 dọ́là. Nígbà tí ọdún 2023 fi máa parí, ó ti lé ní 350. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni, ọ̀gá àgbà rẹ̀ kò yí padà.

Ẹ bi mí pé ta ló kó owó yín lọ. Ká sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó kó o. Iye tí ẹ ń rí lójú fóònù yín kì í ṣe owó tó wà nínú àpótí níbì kan. Iye tí èèyàn méjì tó dúnàádúrà kẹ́yìn fẹnu kò sí ni. Bí ẹnì kan bá ta ìpín mẹ́wàá péré ní 220, 220 yẹn náà ni wọ́n máa fi ṣírò gbogbo ìpín tó kù, títí kan tiyín tó wà nílé tí ẹ ò tà. Ẹni tí owó wọ àpò rẹ̀ lóòótọ́ ni ẹni tó ta tirẹ̀ fún yín ní ọjọ́ tí ẹ rà á. Kò sí nínú ilé-iṣẹ́ náà rárá, ó lè jẹ́ èèyàn bíi tiyín tó ti rí i pé 300 ti pọ̀ jù.

Ibí yìí ló máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ìpín tuntun nìkan ni owó wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, láàárín àwọn onípìn-ín fúnra wọn ni ìpín á máa yí ká. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1602, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ojú òkun kan ní Netherlands, tí wọ́n ń pè ní VOC, gba owó lọ́wọ́ aráàlú ní Amsterdam kó lè rán ọkọ̀ lọ sí Éṣíà. Ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ kò kàn lè lọ gbà á padà lọ́wọ́ wọn, torí ọkọ̀ ti lọ, ó sì lè pẹ́ kó tó dé. Ohun tó lè ṣe ni pé kó wá ẹlòmíràn tí yóò ra ìpín náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọjà ìpín ti fìdí múlẹ̀. Bí ìròyìn bá dé pé ọkọ̀ rì, iye ìpín á já, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ̀ tó kù kò tíì gúnlẹ̀.

Àwọn tó ń fi ọwọ́ yí ọjà wà, n kò ní purọ́ fún yín. Ìdí ìpín kéékèèké tí èèyàn díẹ̀ ń rà ni wọ́n sábà máa ń dúró sí: wọ́n á kó o jọ ní ẹ̀dínwó, wọ́n á tan ìròyìn ayọ̀ kiri, ìgbà tí àwọn èèyàn bá rọ́ wọlé ni wọ́n á tú tiwọn dànù. Ṣùgbọ́n ìpín tó já lọ́jọ́ tí ìṣirò jáde, ẹ kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀ nínú ìṣirò náà kí ẹ tó wá olè.

Ohun àkọ́kọ́ tí èmi máa ń wò ni iye ìpín tó wà níta. Ilé-iṣẹ́ lè jẹ èrè tó fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ju ti èṣí, kó sì jẹ́ pé ó ti tẹ ìpín tuntun jáde, tí iye ìpín tó wà níta fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ pọ̀ sí i, àmọ́ àwọn tó jókòó ti abọ́ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èrè tó kan ìpín kọ̀ọ̀kan ti dínkù nìyẹn, ariwo èrè tó gòkè ló kàn ń dún lókè. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ibi tí èrè ti wá. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ta ilé tàbí ilẹ̀ kan ni, ilé yẹn kò ní sí níbẹ̀ mọ́ láti tún tà lọ́dún tí ń bọ̀. Kí ẹ sì wò ó bóyá èrè náà ti di owó lọ́wọ́. Ọjà tí wọ́n tà láwìn wà lára èrè inú ìwé kí oníbàárà tó san kọ́bọ̀ kan.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í tiẹ̀ ṣe ti ilé-iṣẹ́ yín. Èlé owó máa ń fa gbogbo ìpín wálẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí 100 fún yín ní ọdún mẹ́wàá òní, èló ni ìlérí yẹn jẹ́ lónìí? Bí ibi tó fọkàn balẹ̀ bá ń san èlé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, nǹkan bí 61 ni. Bó bá di ìdá 10, kò tó 39 mọ́. Ìlérí kan náà ni, ẹnu kan náà ló sọ ọ́, àmọ́ èlé ti jẹ ẹ́. Ìpín tó jẹ́ pé ọjọ́ iwájú tó jìnnà ni èrè rẹ̀ wà ló máa ń jìyà rẹ̀ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, èlé báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Nígbà tí ọdún náà parí, ó ti lé ní ìdá mẹ́rin, àkójọ ìpín ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n ń pè ní S&P 500 sì ti fi nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀.

Ó wá ku ti tìtà àti rírà. Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé 300 yẹn. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, ṣùgbọ́n ìpín kò mọ iye tí ẹ rà á, kò sì jẹ yín ní gbèsè pé yóò padà síbẹ̀. Kó tó padà láti 220 sí 300, yóò gòkè ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìbéèrè tí èmi máa bi ara mi ni pé: ká ní owó ló wà lọ́wọ́ mi lónìí, tí n kò ní ìpín yìí rí, ṣé màá rà á ní 220? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ sì lè sọ ìdí rẹ̀ láìmẹ́nu ba 300, ẹ dì í mú. Bí ẹ bá kàn ń dúró kí owó yín pé kí ẹ tó sá jáde, 300 lẹ ṣì ń tẹ̀ lé.

“Ó ti dínwó” kò tó ìdí láti rà kún un. Ní oṣù kẹta ọdún 2000, Cisco, tó ń ṣe ẹ̀rọ tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá, di ilé-iṣẹ́ tí iye rẹ̀ ga jù lágbàáyé. Nígbà tí ọdún 2002 fi ń lọ sópin, ìpín rẹ̀ ti pàdánù ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ilé-iṣẹ́ náà kò kú o. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ọjà tó ń tà lọ́dún ti di ìlọ́po méjì. Síbẹ̀, lọ́dún 2020, ogún ọdún gbáko lẹ́yìn náà, iye ìpín rẹ̀ kò tíì padà sí ti 2000. Ẹni tó rà á nígbà yẹn mọ ilé-iṣẹ́ yàn, iye tó san ni kò dáa. Ìpín Amazon náà já ju ìdá 90 lọ láàárín 1999 sí 2001, ẹ sì mọ ohun tó dà lónìí. Nítorí náà, jíjá nìkan kò sọ nǹkan kan fún yín, ìwé ìṣirò ló máa sọ ọ́.

Ohun tí ẹ ò sọ fún mi ló ń kọ mí lóminú jù: èló nínú gbogbo owó yín ló wà níbẹ̀? Nígbà tí Enron, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ta gáàsì àti iná mànàmáná, wó ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló jẹ́ pé ìpín Enron náà ni wọ́n fi owó ìfẹ̀yìntì wọn rà. Iṣẹ́ bọ́, owó ọjọ́ ogbó sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ti yín bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó yín lọ, n kò ní rà kún un bó ti wù kó dínwó tó. Láti ọdún 1976 ni John Bogle ti gbé àpò owó kan kalẹ̀ ní Vanguard, ilé-iṣẹ́ ìdókòwò tó dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí aráàlú ti lè fi owó kékeré ra gbogbo ìpín S&P 500 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Irú àpò bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ káàkiri báyìí, owó ìtọ́jú rẹ̀ kò sì wọ́n. Èyí tí ẹ bá sì máa nílò láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ni o, owó ilé ni o, kò yẹ kó wà nínú ìpín kankan.

Ní ti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má tà, ẹ má sì rà. Ẹ tún ìwé ìṣirò náà ṣí, kí ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ èrè tó kan ìpín kọ̀ọ̀kan sí, kí ẹ fi ti ọdún yìí wé ti èṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí àwọn olórí ilé-iṣẹ́ sọ nípa ọdún tó ń bọ̀. Ó sábà máa ń wà nítòsí ìparí, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà dé.