Ìwé ìbí Júù ará Lublin: orúkọ kọ́ lẹ máa tẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Lublin, ní Pólàǹdì, ni wọ́n bí baba ńlá ìyàwó yín sí, ní nǹkan bí 1887. Ẹ ní ẹ tẹ Hersz àti orúkọ ìdílé tó fi H bẹ̀rẹ̀ sórí Szukaj w Archiwach, ìkànnì ilé àkójọ ìwé ìjọba Pólàǹdì, kò sì mú nǹkan kan jáde. Kò lè mú un jáde. Àkọlé ìwé ni ìkànnì yẹn mọ̀, kò mọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. JRI-Poland, ìkànnì àkójọ orúkọ àwọn Júù Pólàǹdì, lẹ máa kọ́kọ́ lọ, àwọn ló ka ìwé tí wọ́n sì to orúkọ jáde, ọ̀fẹ́ ni. Tí ọdún tẹ́ ẹ fẹ́ ò bá sí níbẹ̀, ẹ padà sí Szukaj, kẹ́ ẹ ṣí ìwé Lublin tí àkọlé rẹ̀ ní "bożnicz" tàbí "mojżesz" nínú. Ti Júù nìyẹn. Wọ́n ti ya tiwọn sọ́tọ̀ láti 1826. Ṣáájú ìgbà yẹn, àárín àwọn Kátólíìkì ni wọ́n wà. Nínú àkọlé, U ni ìbí, M ìgbéyàwó, Z ikú.

Ibi tó ń dáni lóró ló kù yìí. Abẹ́ Rọ́ṣíà ni Lublin wà nígbà náà, láti 1868, èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n ń fi kọ gbogbo rẹ̀. Atọ́ka wà lẹ́yìn ìwé ọdún kọ̀ọ̀kan, àmọ́ álífábẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ò ní H. Г ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀: Hersz á di Герш. Orúkọ ìdílé yín náà, abẹ́ Г lẹ máa wò ó, lẹ́tà kẹrin nínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ má lọ sí Х, ti Ch nìyẹn, bíi Chaim. Ẹ ka gbogbo orúkọ tó wà lábẹ́ Г látòkè délẹ̀, torí akọ̀wé míì ò tò wọ́n kọjá lẹ́tà àkọ́kọ́. Nọ́ńbà akt, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ lẹ máa bá lọ, kì í ṣe nọ́ńbà àwòrán ojú ìwé. Nínú akt fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi kọ ọjọ́ àti ọdún, àmọ́ wọ́n sábà máa ń fi lẹ́tà Pólàǹdì tún orúkọ kọ lẹ́yìn ti Rọ́ṣíà. Ẹ jẹ́ kójú yín máa wá ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí ọjọ́ méjì, 3 àti 15, ọjọ́ kan náà ni. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ti Rọ́ṣíà ni 3, 15 ni tiwa.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n bí i ní 1887, kí bàbá rẹ̀ má kọ ọ́ sílẹ̀ títí di 1895, òun àti àbúrò mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà. Inú ìwé 1895 ló máa wà. Ohun tó ń bí mi nínú sí àwọn òṣìṣẹ́ ilé àkójọ ìwé nìyẹn: 1887 nìkan ni wọ́n á ṣí, wọ́n á fèsì pé kò sí, wọ́n á sì gbowó ìwákiri. Tẹ́ ẹ bá máa kọ̀wé sí wọn, ẹ kọ 1885 sí 1905. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ mú ẹ̀rí ìbátan wá, ẹ rán an létí pé ìwé ìbí tó ti lé ní 100 ọdún ti kúrò lábẹ́ òfin ìyẹn. Ti ìgbéyàwó àti ikú, 80 ni.

Lublin yẹn gan-an, ṣé ó dá yín lójú? Odindi ìpínlẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, Chełm, Zamość àti Biłgoraj wà nínú rẹ̀. Tó bá kó lọ sí Amẹ́ríkà, tó sì di ọmọ ibẹ̀ lẹ́yìn September 1906, ìwé tó fi bẹ̀bẹ̀ láti di ọmọ ibẹ̀ máa dárúkọ ibi tí wọ́n bí i sí. Ẹ má sì dá ẹni tó bá ní Ellis Island, ibùdó tí wọ́n ti ń gba àwọn tó ń wọ Amẹ́ríkà ní New York, ló pa orúkọ rẹ̀ dà lóhùn. Èbúté tó ti wọkọ̀ ni wọ́n ti kọ orúkọ àwọn èrò. Bó bá jẹ́ agbègbè Galicia lábẹ́ Austria ni wọ́n bí i sí, orúkọ ìdílé ìyá lẹ máa wá, torí ìjọba ò ka ìgbéyàwó iwájú rábì sí, orúkọ ìyá ni wọ́n sábà fi ń kọ ọmọ sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí Hersz méjì, ẹ wo òkúta ibojì rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ máa wà níbẹ̀ ní Hébérù. Bí ìwé ìbí bá ti sọnù, ẹ béèrè alegata, àwọn ìwé tí ọkọ àti ìyàwó kó wá fún ìgbéyàwó. Ẹ̀dà ìwé ìbí sábà máa ń wà nínú rẹ̀, tó bá jẹ́ pé Pólàǹdì ló ti gbéyàwó kó tó rìnrìn àjò.