Orí ọmọ tuntun tí òwe ń wí, orí tó ní eegun ni

Ọmọ mi tó béèrè ọ̀rọ̀ láti Àjàṣẹ́, mo kí ọ. O ní o gbọ́ lórí rédíò pé orí inú òwe "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́" kì í ṣe orí tí a fi ń ru ẹrù, pé kádàrá ni, pé àgbà ló máa bá ọmọ tún àyànmọ́ rẹ̀ ṣe. O wá ń béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o! Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun, torí irú àlàyé yìí ló ń gba òwe lọ́wọ́ àwọn tó pa á.

Agbẹ̀bí ni mí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo gbà, tí mi ò ní yẹ̀ lórí rẹ̀, ni pé àwọn obìnrin tó ti fọwọ́ gbé orí ọmọ tuntun ló pa òwe yìí. A lè fi bá àwọn tó ń jà wí, a lè fi bá ìjòyè wí, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyá ọmọ ló ti gbéra.

Wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Ìyálọ́mọ kan ń ná ẹ̀wà, ọ̀já ti dẹ̀, ọmọ ti sùn, ọrùn rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí ń fì. Ìyá rẹ̀ kò rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń ta ògì ní ìsọ̀ kejì ló máa kígbe pé, "Orí ọmọ o!" Kò ní dúró gbọ́ èsì. Á dìde, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ìpàkọ́ ọmọ, á ní kí ìyá bẹ̀rẹ̀, á tú ọ̀já, á gbọ́n ọmọ sókè díẹ̀, á fa aṣọ dé ìpàkọ́ kí ó gba orí dúró, á yẹ̀ ẹ́ wò pé kò bo imú, kó tó dì í padà. Ìyá ọmọ lè má mọ orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹbọ níbẹ̀, kò sí ọ̀pẹ̀lẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n mú orí, tí wọn ò mú ẹsẹ̀? Nígbà tí oyún bá wà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9, orí nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gígùn ọmọ. Lọ́jọ́ ìbí, ó di ìdá kan nínú mẹ́rin. Lára àgbàlagbà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ni. Ọrùn tó sì gbé ẹrù yìí kò tíì lágbára. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í dá orí gbé dúró dáadáa títí wọ́n á fi tó oṣù 3 tàbí 4.

Eegun orí àti ojú àgbà jẹ́ 22, gbogbo wọn ti so mọ́ra àfi ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Ti ọmọ tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn eegun tó bo ọpọlọ lókè ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, méjì níwájú, méjì láàárín, ọ̀kan ní ìpàkọ́, awọ ló so wọ́n pọ̀. Mo ti fi ìka kàn án lórí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀: etí eegun kan gun orí èkejì, orí wá gùn ṣọrọrọ. Bí wọ́n ṣe ń gun ara wọn yẹn ni orí ṣe ń rí ọ̀nà ìbí gbà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, á padà sípò fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi omi gbígbóná tẹ orí ọmọ kó lè rí rogodo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Orí tó rọ̀ tó báyìí, bí a bá ń jẹ́ kó gbé ẹ̀gbẹ́ kan náà lélẹ̀ lójoojúmọ́, á pẹlẹbẹ níbẹ̀. Wíwọ́ tí òwe ń wí nìyẹn. Àwọn ìyá wa fi ojú rí i.

Iṣẹ́ orí ti bẹ̀rẹ̀ kí ìyá tó mọ̀ pé òun lóyún. Ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń ṣẹ̀ ti pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 28 tí oyún dúró, ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí obìnrin ti máa lo oògùn fólíìkì (folic acid), tó ń ràn án lọ́wọ́ kí ibẹ̀ lè pa dé dáadáa, ṣáájú oyún. Ojú ọmọ náà, láti iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti àgbọ̀n ló ti ń wá pàdé. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 7, ètè òkè ti pàdé. Àjà ẹnu á parí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Bí wọn ò bá pàdé, ètè tàbí àjà ẹnu ọmọ á là. Kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, dókítà ń rán an.

Ọ̀rọ̀ Àjàlá alámọ̀ tó ń mọ orí lọ́run wà nínú Ifá, mo bọ̀wọ̀ fún un. Kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ kádàrá lọ síbẹ̀, kó fi òwe ọjà sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé mo ń rí ìyálọ́mọ lórí zémidjan, ọ̀kadà tó ń gbé èrò, orí ọmọ ń jù síwá jù sẹ́yìn, àwọn àgbà ń wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ìwọ̀sí. Kétu yìí, tó ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jó láti fi yẹ́ àwọn ìyá sí, ibẹ̀ náà ni àgbà obìnrin ti ń bẹ̀rù àtifọwọ́ kan ìpàkọ́ ọmọ ọlọ́mọ!

O tún béèrè bóyá èèwọ̀ ni kí èèyàn fọwọ́ kan àwùjẹ̀, ibi rírọ̀ tí eegun kò tíì dí lórí ọmọ, ní òkè orí àti ní ìpàkọ́. Rárá. Awọ ibẹ̀ yi. Wẹ̀ ẹ́, fi òrí pa á, má ṣáà tẹ̀ ẹ́. Ti ìpàkọ́ sábà máa ń dí ní oṣù 2 tàbí 3. Ti òkè orí á tó ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀, nígbà mìíràn ọdún 2. Bó ṣe ń mí yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó ń lù nínú iṣan ni. Bó bá rì wọlé nígbà tí ọmọ ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì, omi ti ń tán lára rẹ̀. Bó bá wú sókè nígbà tí ọmọ ò sunkún, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ó lè jẹ́ àìsàn inú ọpọlọ. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, má dúró de ẹni tó máa gún ewé lẹ̀ ẹ́.