Ṣé dandan ni kí olú ẹ̀dá ìtàn jẹ́ akọni?

Ẹnìkan ló bi mí ní ìbéèrè yìí: tíṣà wọn sọ fún wọn ní kíláàsì pé "akọni" àti "olú ẹ̀dá ìtàn", ọ̀kan náà ni, ṣé òótọ́ ni? Ó tún wá fi ìkejì kún un, pé báwo lẹnìkan ṣoṣo nínú ìwé ṣe ń ru ìtumọ̀ odidi ìtàn. Èyí àkọ́kọ́ ò le, ìkejì yẹn ni iṣẹ́ wà nídìí ẹ̀.

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o. Akọni lẹni tó gbóyà, tó ń wọ ibi táwọn tó kù ń sá fún, ìwà ẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Olú ní tiẹ̀, ipò ni. Ẹ wo bá a ṣe ń lò ó: olú ìlú ò di olú ìlú torí pé ó mọ́ ju ìlú tó kù lọ, ibẹ̀ ni ọ̀nà ń já sí ni, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni olú ẹ̀dá ìtàn, ẹni tí gbogbo ọ̀nà inú ìtàn ń já sí lọ́dọ̀. Ó lè jẹ́ olè, ó lè jẹ́ ojo, ó lè jẹ́ òpùrọ́ paraku, kódà ó lè jẹ́ ẹranko. Ọ̀dọ̀ àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì lálùmọ́kọ́rọ́yí yìí ti wọlé, torí hero kan náà ni wọ́n fi ń pe ẹni tó yọ ọmọ ọlọ́mọ nínú iná àti ẹni tí wọ́n kọ ìwé lé lórí, àwa náà wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ a ní akọni. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà ò pa á pọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Hero lọ́dọ̀ wọn lẹni ńlá inú ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀, tí òmíì nínú wọn jẹ́ ọmọ òrìṣà. Protagonist, tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe olú ẹ̀dá ìtàn, lọ́dọ̀ wọn lòṣèré àkọ́kọ́ lórí ìtàgé. Ẹ ò rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ìgboyà nínú ìkejì yẹn rárá.

Ó yá, ẹ̀dá ńkọ́? Ẹ̀dá lohun tẹ́nìkan dá. Iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé ń ṣe lára ẹ̀ làwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń pè ní ìfìwàwẹ̀dá, bí èmi ṣe máa ń tú u palẹ̀ ni pé kéèyàn fi ìwà wọ ẹ̀dá, bí ìgbà téèyàn ń wọ ọmọ láṣọ. Ìwà ọ̀hún fúnra ẹ̀, inú "wà" ló ti jáde, ìyẹn ni pé bí èèyàn ṣe ń ṣe àti pé èèyàn wà, ọ̀rọ̀ kan náà ló bí wọn lédè wa. Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Èmi àti ẹ̀yin tá a wà láyé, tá a bá sùn sínú òkùnkùn tẹ́nìkan ò rí wa, a ṣì wà. Ẹ̀dá ìtàn ò ní irú ànfààní yẹn, tí òǹkọ̀wé ò bá kọ ọ́ pé ó ṣe nkan, pé ó sọ nkan, pé nkan dùn ún, kò sí níbì kankan, ìwà tí wọ́n kọ fún un nìkan ni gbogbo wíwà ẹ̀. Torí náà kò sí ìṣe kan tó ṣèèṣì débẹ̀. Tó bá dákẹ́, ẹnìkan ló ní kó dákẹ́, ìdí nìyẹn táwa tá à ń kà á fi máa ń bi ara wa pé kí ló dé tó dákẹ́, ìgbà tá a bá sì ti ń bi ara wa bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ìtàn kan tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì ṣàlàyé. Sophocles, ará Gíríìsì àtijọ́, kọ eré nípa Oedipus, tí àfọ̀ṣẹ ní yóò pa bàbá ẹ̀ yóò sì fi ìyá ẹ̀ ṣaya, ó sá kó má bàa rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ tó fi ń sá náà ló gbé e débi tó ti ṣẹ. Ní 1968 wọ́n ṣe eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Eegun ìtàn kan náà ni, Oedipus wá di Odéwálé, ọba Kútújẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn méjèèjì ní ṣókí á ní ìwé kan ni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti pa bàbá nínú méjèèjì.

Nínú ti Gíríìkì, oríta mẹ́ta ni. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin bọ̀ fẹ́ ti Oedipus kúrò lójú ọ̀nà, ó lu awakọ̀, bàbá arúgbó inú kẹ̀kẹ́ sì na ọ̀pá mọ́ ọn lórí, lòun náà bá fi ọ̀pá tiẹ̀ gbá a lulẹ̀ ó sì pa á. Ìjà ojú ọ̀nà lásán. Ohun tó wá kún inú eré yẹn ju ìjà náà lọ ni ìwádìí: Oedipus ti di ọba, ó ń wá ẹni tó pa ọba àná, kò mọ̀ pé bàbá arúgbó yẹn ni, ìyàwó ẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ kó má wádìí mọ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Aríran kan tó jẹ́ afọ́jú ló ti mọ̀ tipẹ́, ẹni tó ń ríran ni ò rí nkankan, nígbà tó sì rí i tán ó fọ́ ojú ara ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mímọ̀ àti àìmọ̀ ni gbogbo ẹ̀.

Odéwálé ńkọ́? Inú oko tiẹ̀ ni, nítòsí Ẹdẹ. Ó dé, ó bá àwọn kan tí wọ́n ń wa iṣu tóun gbìn. Ó bínú lóòótọ́ àmọ́ ó ṣì ń kó ara ẹ̀ níjàánu, àfìgbà tí bàbá tó kó wọn wá bú ẹ̀yà ẹ̀, tó fi èdè ẹnu ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ibẹ̀ ni okùn já. Ọkọ́ ló fi pa á. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tú tán, Odéwálé fúnra ẹ̀ ló sọ pé kẹ́nikẹ́ni má di ẹ̀bi ru òrìṣà, pé wọ́n kàn mọ ibi tóun kù sí ni, pé òun jẹ́ ẹni tí inú ẹ̀ máa ń tètè ru tí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ẹ̀yà òun. Ẹ rántí pé ní 1968 yẹn, ogun abẹ́lé Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ṣì ń jà lọ́wọ́. Ẹni tó jókòó wòran lọ́dún yẹn ò nílò kẹ́nìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé irú ìbínú tó ń wò fún un.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Àfọ̀ṣẹ ò yí padà, òkú ò yí padà, ìyàwó tó jẹ́ ìyá náà ò yí padà. Ohun tó ń bí ẹnìkan nínú nìkan ló yí, odidi eré sì gba ibòmíì lọ. Ìyẹn ni mo ní lọ́kàn tí mo bá ní olú ẹ̀dá ló ń gbé ìtumọ̀ ìtàn jáde, kì í ṣe pé ó dìde ó wàásù. Ohun tó sì ń jẹ́ kí ìbéèrè ìdánwò yẹn máa sú mi nìyẹn, èyí tí wọ́n máa ń ní "ẹ̀kọ́ wo lo rí kọ́ nínú ìtàn yìí", tọ́mọ á wá kọ ọ́ pé ká má máa bínú sódì. Ta ni ò mọ̀ pé ìbínú ò dáa? Odéwálé gan-an mọ̀. Ohun tó ń rùn nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìfẹ́ àwọn èèyàn ẹ̀ ló ń bí ìbínú yẹn, nkan dáadáa ni, nkan téèyàn lè fi yangàn, òun ló sì bà á jẹ́. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ há ìyẹn sínú "ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́".

Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì àtijọ́, rí apá kan ọ̀rọ̀ yìí láti ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, ó ní ẹni tí ìṣubú ẹ̀ máa ṣe wá láàánú ò gbọ́dọ̀ dáa jù, kò sì gbọ́dọ̀ burú jù, ẹni tó wà láàrin tí àṣìṣe kan gbé ṣubú ni. Ó tún ní ìṣe ló ṣáájú ìwà nínú eré, wọ́n sì ti ja ìjà lórí ìyẹn gan-an, èmi ò kúkú rí bí wọ́n ṣe fẹ́ ya méjèèjì, ìgbà tó jẹ́ pé inú ìṣe la ti ń rí ìwà.

Àwọn tó ń wá ẹni rere nínú ìwé ṣáá, Sẹ̀gilọlá á dà wọ́n láàmú. Isaac Thomas ló ń kọ ìtàn obìnrin yìí sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 wọ 1930, lẹ́tà lẹ́tà, bí ẹni pé obìnrin náà ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ lórí àìsàn. Ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ó ń sunkún, ó ń kìlọ̀ fáwọn ọmọge pé kí wọ́n má ṣe bíi tòun. Àmọ́ ẹ wá fetí sí i nígbà tó bá ń ròyìn ìgbà tí ayé ń fẹ́ ẹ, ẹnu ń kábàámọ̀, ahọ́n ń lá ètè. Tẹ́ ẹ bá gba ìkìlọ̀ ẹ̀ nìkan ẹ ti sọ ìdajì ìwé nù, tó bá sì jẹ́ adùn yẹn nìkan lẹ gbà, bákan náà.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, àfi kẹ́lòmíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ olú ẹ̀dá kó tó nítumọ̀. Don Quixote, ọkùnrin inú ìwé Cervantes ará Sípéènì tí apá kìíní ẹ̀ jáde ní 1605, rí ilé ìlọkà tí atẹ́gùn ń yí, ó ní òmìrán ni, ó gun ẹṣin kọ lù wọ́n. Ká ní ó dá nìkan ń rìn ni, wèrè la bá pè é ká kọjá. Sancho, ìránṣẹ́ ẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e, tó ń pariwo pé ilé ìlọkà ni wọ́n, tó sì tún ń tẹ̀ lé e náà ṣá, òun ló sọ ọ́ di nkan tá ò tíì parí ọ̀rọ̀ ẹ̀ títí dòní.

Mo fi Okonkwo gbẹ̀yìn torí òun ló sún mọ́ ìbéèrè yẹn jù. Akọni ni, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹ̀, ìwé Things Fall Apart tí Chinua Achebe gbé jáde ní 1958 kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n ti sọ bó ṣe dá Amalinze tí wọ́n ń pè ní Ológbò, ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò kanlẹ̀ fún ọdún 7. Tó bá jẹ́ pé akọni náà ni olú, ìwé ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ ẹ tẹ̀ lé e wọ igbó lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pa Ikemefuna, ọmọ tó ti gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ fún ọdún 3, tó ń pè é ní bàbá. Àgbàlagbà kan ti kìlọ̀ fún un pé kó má fọwọ́ sí i. Ẹ̀yìn ni Okonkwo wà láàrin àwọn tó ń lọ. Wọ́n ṣá ọmọ náà, ìkòkò tó rù já bọ́ ó fọ́ sínú yanrìn, ọmọ náà sá wá sọ́dọ̀ ẹ̀, ó ń ké pe bàbá. Okonkwo fa àdá yọ. Àwọn tó kù ì bá parí ẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Ẹ̀rù ló ń bà á kí wọ́n má pè é ní ojo. Unoka, bàbá ẹ̀ tó jẹ́ onígbèsè tó ń fọn fèrè kiri, ti kú tipẹ́, kò sí nínú igbó yẹn, òun gan-an sì ni Okonkwo ń sá fún. Ibẹ̀ ni ìgboyà àti ìbẹ̀rù ti di nkan kan náà lọ́wọ́ ẹ̀, látibẹ̀ lọ, gbogbo ìgbà tó bá tún ṣe akin la máa ń wo ẹ̀yìn ẹ̀ wò.

Ipò olú yẹn náà, ẹni tó ń sọ ìtàn ló ń fi èèyàn jẹ ẹ́. Lójú ewé tó gbẹ̀yìn, Okonkwo ti pokùn so, òyìnbó aláṣẹ ń rìn padà lọ sí kọ́ọ̀tù, ó ń ro ìwé tóun fúnra ẹ̀ fẹ́ kọ. Ó rò ó pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kọ odidi orí kan lé ọkùnrin yìí lórí. Ó tún un rò, ó ní bóyá kì í ṣe odidi orí, ìpínrọ̀ kan tó mọ níwọ̀n.