Èsì: Ṣé ẹgbẹ́ máa ń jogún èrò àwọn tó dá a sílẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá ohun tó wà lọ́kàn àwọn olùdásílẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ yóò máa lépa títí. Lójú tèmi, ó ń jogún díẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n bá ń torí rẹ̀ fún èèyàn ní ẹ̀bùn ló ń darí rẹ̀ jù.

Ẹ wo ilé ìwòsàn Bàptíìsì níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún 1907 ni Dókítà George Green dé. Ìtọ́jú aláìsàn àti ìwàásù ni wọ́n gbé wá. Lónìí, abẹ́ Yunifásítì Bowen ló wà, wọ́n sì ń kọ́ dókítà níbẹ̀. Èrò àkọ́kọ́ kò kú, ṣùgbọ́n ìdánwò àti akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ní ẹ̀tọ́ tiwọn.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo ti rí i kedere. Ọ̀kan wà tí àwọn ìyá onígààrí dá sílẹ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè rówó yá nígbà ìṣòro. Nígbà tó yá, wọ́n ní akọ̀wé tó bá pa èlé wọlé jù ni yóò gba ẹ̀bùn ọdún. Kò pẹ́ tí fọ́ọ̀mù ẹni tó fẹ́ yá owó ilé ìwòsàn fi ń wà nísàlẹ̀, tí ti oníṣòwò ńlá ń wà lókè. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu pé kí wọ́n gbàgbé àwọn ìyá yẹn. Ẹ̀bùn yẹn ló bá wọn pinnu. Ó dùn mí gan-an.

Tí ẹ bá ń dá tiyín sílẹ̀, ẹ fi àwọn tó ń yá owó kékeré sínú ìgbìmọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́.