Ọkọ yín kọ́ ló ni pépà yín

Ìbéèrè: Ọmọ onílùú Amẹ́ríkà ni ọkọ mi, òun ló ń ṣe pépà fún mi. Ó máa ń lù mí. Ó ní bí mo bá pe ọlọ́pàá, òun á fa pépà náà padà, wọn á sì dá mi padà sílé. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí n fara dà á títí gíríìnkáàdì á fi jáde. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ọ̀rọ̀ yìí sì ti sú mi í gbọ́. Ẹni tó ní kí ẹ fara dà á kò sí nínú yàrá nígbà tí ìgbátí ń balẹ̀.

Lóòótọ́, ọkọ yín lè fa èyí tó fi sílẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1994 ni òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní VAWA (Violence Against Women Act) ti wà: ẹni tí ọkọ tàbí aya tó jẹ́ ọmọ onílùú, tàbí tó ní gíríìnkáàdì, bá ń hùwà ìkà sí lè béèrè pépà fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tí ìyàwó ń lù náà wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù I-360 ni. Ìjọba kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ọkọ yín kò ní buwọ́ lù ú, òfin kò sì gba òṣìṣẹ́ Imigiréṣọ̀n láyè láti sọ fún un pé ẹ fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́.

Wọ́n tún máa ń ní láìsí ìwé ọlọ́pàá, kò sí ẹjọ́. Irọ́ ni! Obìnrin kan wá sí ọ́fíìsì mi, inú àpò ìlédìí ọmọ ló ti yọ ẹ̀rí rẹ̀: fọ́tò apá tó wú, bíìlì iná tó ní orúkọ àwọn méjèèjì, àti ọ̀rọ̀ tí ọkọ kọ sí i lórí WhatsApp: “Pe ọlọ́pàá, kí o bá ara rẹ ní éápọ́ọ̀tù.” Ìhàlẹ̀ yẹn gan-an, ẹ̀rí ìwà ìkà ni. Gbígba páàsìpọ́ọ̀tù mọ́ yín lọ́wọ́ náà ńkọ́? Ẹ̀rí ni. Bó bá sì fipá bá yín lò pọ̀, ẹ lọ sílé ìwòsàn kí ẹ tó wẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń gba ẹ̀rí kì í ṣe owó yín, bí ẹ kò tilẹ̀ fẹ́ rí ọlọ́pàá.

N kò tíì rí pépà yín, nítorí náà n kò lè ṣèlérí. Ẹ ní láti fi hàn pé ìgbéyàwó òdodo ni, àti pé ẹ jọ gbé. Bí ẹ bá ti kọ ara yín sílẹ̀, ọdún 2 péré lẹ ní láti fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́. Ẹ má sì fẹ́ ẹlòmíràn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Fífi I-360 sílẹ̀ nìkan kò ní kí wọ́n má lè dá yín padà, ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà. Lọ́yà ni mo sọ o, kì í ṣe ajẹ́ntì tó ń kọ fọ́ọ̀mù fún gbogbo ayé. Irọ́ kan ṣoṣo tó bá kọ síbẹ̀, ọrùn yín ni.

Bí ewu bá wà nílẹ̀ báyìí, 911 ni. Fún ìmọ̀ràn, ẹ pe àwọn tó ń ran ẹni tí wọ́n ń lù nínú ilé lọ́wọ́ (National Domestic Violence Hotline): 1-800-799-7233, tọ̀sán-tòru. Fóònù ọ̀rẹ́ ni kí ẹ fi pè, kì í ṣe èyí tí ọkọ yín ń san owó rẹ̀.